Èmi Gan-an Ni Tíṣà Àgbà

Ẹ̀yin òǹkàwé, àyà mi ń lù kìkì bí mo ti ń kọ èyí, kì í sì í ṣe ẹ̀rù nìkan. Inú mi ń dùn pẹ̀lú. Ohun rere kan ń bọ̀ wá bá mi lọ́sẹ̀ yìí, irọ́ kan tí mo ti pa sì jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Tí mi ò bá sọ ọ́ báyìí, mi ò ní lè sọ ọ́ mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi.

Alief ní Houston ni mò ń gbé. Ìwé mẹ́wàá ni mo kà, daycare ni mo sì ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún orúnkún mi, tí mi ò lè wakọ̀ lọ síbì kankan, Tólú ọmọ mi fi ìwé ìmọ̀ kan hàn mí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí lédè Yorùbá.

Mo wá ìlú mi, Ìdí-Àgbáyun, níbẹ̀. Kò sí. Mo bá kọ ọ́ fúnra mi. Nígbà tó jáde, igbe tí mo ké mú kí Tólú sáré jáde láti balùwẹ̀.

"Mọ́mì, kí ló dé?"

"Ìlú mi ti wọ̀wé!"

Mo wá ń lọ láti àyọkà kan sí òmíràn, mo ń so orúkọ ìlú náà mọ́ èyí tí mo kọ, kí ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ lè bá ara rẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Ìjápọ̀ là ń pè é.

Àmọ́ Ìdí-Àgbáyun méjì ló wà. Èkejì wà nísàlẹ̀ odò, ó tóbi ju tiwa lọ, ó lọ́jà, ó ní ọsibítù. Olóòtú kan tó ń jẹ́ Ọmọ Odò dé, ó ní ìlú tòun ni àwọn èèyàn sábà ń wá, nítorí náà tòun ló yẹ kó jẹ́ orúkọ náà láìsí àfikún. Ó ní kí wọ́n fi "abúlé" sínú àkámọ́ sẹ́yìn tiwa, kí gbogbo ìjápọ̀ tí mo so sì yí sọ́dọ̀ tiwọn.

Abúlé! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ wò ó.

Bí a ṣe ń parí irú ìjà bẹ́ẹ̀ nìyí. Àyọkà kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé kan tí a ti ń jíròrò. A kì í ka orí èèyàn. Àlàyé àti ẹ̀rí là ń wò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹni tí kò dá sí ọ̀rọ̀ náà á wá dájọ́. Mo mọ òfin yìí dáadáa. Mo sì mọ̀ pé Ọmọ Odò ló jàre.

Ni mo bá ṣí àkáǹtì kejì, mo pe ara mi ní Tíṣà Àgbà. Mo ní bàbá arúgbó ni mí, mo ní mo ti kọ́ni nílùú méjèèjì, mo ní ọ̀dọ̀ tiwa ni àwọn ti ìsàlẹ̀ odò ti ṣí lọ, àwa la ni orúkọ. Irọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mi ò mọ ìlú tó ṣáájú.

Mo retí pé wọ́n á béèrè ẹ̀rí. Kò sẹ́ni tó béèrè. Ọmọ Yorùbá ni gbogbo wa. Ta ló máa bi àgbà pé níbo ló ti rí i? Ọmọ Odò kọ ọ́ pé: "Ẹ kú àárọ̀, sà. Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó. Mo fà sẹ́yìn." Àwọn yòókù ń ṣàdúrà ẹ̀mí gígùn fún bàbá. Ẹni tó dájọ́ ní kí orúkọ dúró sọ́dọ̀ wa, ó sì fi ọ̀rọ̀ bàbá kún àyọkà ìlú kejì.

Mo jó nínú kíṣìn. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní purọ́ ìyẹn náà fún yín.

Lẹ́yìn náà ni mo wá mọ̀ pé Sugar Land, nítòsí wa níbí, ni Ọmọ Odò ń gbé. Ẹnjiníà ni, Fẹ́mi lorúkọ rẹ̀. Ó di àbúrò mi. Òun ló kọ́ mi bí a ṣe ń fi àwòrán sínú àyọkà. Tó bá wá kí wa, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá yẹn o. Ǹ bá ti tì yín mọ́nú àkámọ́!"

"Ìwọ àti ta ni?" ni màá dá a lóhùn. A ó jọ rẹ́rìn-ín. Tèmi kì í dénú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Fẹ́mi fi orúkọ mi sílẹ̀ pé kí wọ́n yàn mí ṣe alámùójútó, ọ̀kan lára àwọn tó ń dájọ́. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tò sẹ́yìn mi! Ẹnì kan ní, "Ìyá yìí kì í so ìjápọ̀ tó forí sánpọ́n." Inú mi dùn débi pé mo wakọ̀ kọjá ibi tó yẹ kí n ti bọ́ kúrò lórí freeway.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí wọ́n ń bi gbogbo ẹni tí wọ́n bá fẹ́ yàn: ǹjẹ́ o ti lo àkáǹtì mìíràn rí? Èèwọ̀ ni kí ẹnì kan fi orúkọ méjì dá sí ìjíròrò kan.

Fẹ́mi yà sọ́dọ̀ mi lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Sunday. Ó ní, "Ẹ kọ 'rárá' sí i, kẹ́ ẹ sinmi. Ta ni ò mọ̀ yín?" Ó wá fa fóònù rẹ̀ yọ. "Ẹ̀gbọ́n, mò ń wá Tíṣà Àgbà. Dádì mi rí ohun tí wọ́n kọ nípa ìlú wa, wọ́n ní irọ́ ni. Mo ní, 'Dádì, ẹni tó kọ́ni níbẹ̀ ló sọ ọ́, ẹ̀yin lẹ ò mọ̀tàn.' Látìgbà yẹn, wọn ò gbé fóònù mi mọ́. Nọ́ńbà wọn rèé. Tẹ́ ẹ bá rí bàbá náà, kí wọ́n jọ̀ọ́ bá mi pe Dádì."

Mo gba nọ́ńbà náà.

Àgbà tí kò sí rárá ni Fẹ́mi gbà gbọ́. Àgbà tó bí i lọ́mọ ló pè ní aláìmọ̀tàn. Èmi ni mo fà á.

Mo ti kọ ìdáhùn mi sílẹ̀: "Bẹ́ẹ̀ ni. Èmi ni Tíṣà Àgbà." Mi ò tíì tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo mọ̀ pé wọn ò ní yàn mí mọ́, wọ́n sì lè ti àkáǹtì mi pa. Orúkọ á lọ sísàlẹ̀ odò. Tí wọ́n bá gbà fún mi, ọwọ́ ara mi ni màá fi yí àwọn ìjápọ̀ náà padà. Síbẹ̀, ara mi ń yá gágá, bí ọjọ́ tí ìlú mi kọ́kọ́ wọ̀wé.

Ẹ̀yin èèyàn ìsàlẹ̀ odò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ta ni kí n kọ́kọ́ bẹ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́, Fẹ́mi ni àbí bàbá rẹ̀? Wọn kì í gbé fóònù ọmọ wọn mọ́. Bóyá wọ́n á gbé ti Tíṣà Àgbà.