Kúbúrá, O Ti Wò Mí Sàn Níwájú Adájọ́

Adájọ́ wà níbẹ̀. Dókítà tó ń bá a gbọ́ ẹjọ́ jókòó lọ́tùn-ún rẹ̀, ẹnì kẹta wọn, obìnrin tí òun náà ń fi ọ̀pá rìn bíi tèmi, jókòó lósì. Wùmí lọ́yà wa wà níbẹ̀, Tẹniọlá ọmọ ọmọ mi wà níbẹ̀, èmi Látífàt tí orúnkún ń pa wà níbẹ̀, ìwọ Kúbúrá, ọmọ ìyá mi, tí a torí ẹ̀rí mú wá láti Nunhead ní Lọ́ńdọ̀nù yìí náà, o wà níbẹ̀. Nínú gbogbo wa, ta ló sọ pé ara mi le? Ìwọ ni!

Háà! Adájọ́ rọra bi ọ́ pé báwo ni ara ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe rí. O tún ìborí ṣe, o ní, "Alhamdulillahi, kò sí nǹkan kan tó ṣe wọ́n, ara wọn le koko." Le koko! Èmi ni àbí òpó iná ojú títì Peckham? Orúnkún tí àwọn dókítà wò tì, ìwọ fi ẹnu lásán wò ó sàn.

Má wolẹ̀, èmi ni kí o wò. Ta ló ń bá mi fọ ẹsẹ̀ bí a bá fẹ́ ṣe àlùwàlá lọ́jọ́ Jímọ̀? Ṣé iwin ni? Ṣebí ìwọ yìí lo máa ń ráhùn pé ẹsẹ̀ mi wúwo bí odó. Kí ló dé tí odó fi wá fúyẹ́ níwájú adájọ́?

O ní kí ni? Pé a kì í ka àìsàn ọmọ ìyá ẹni fún àjèjì? Ta ló kọ́ ọ bí kò ṣe èmi? Ìran wa nìyẹn. Ejò bu Sànúsí bàbá ìyá wa jẹ lóko, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí iṣu, àwọn aládùúgbò béèrè, ó ní eèrà ni. Ṣùgbọ́n Kúbúrá, Sànúsí kò torí ejò lọ sí kọ́ọ̀tù! Àìsàn yìí gan-an la torí ẹ̀ wọkọ̀ wá kà fún wọn.

O ní ta ló kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ara mi le? Ẹ̀hẹn, o ti rí mi mú. Lóòótọ́, nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba pè mí lórí fóònù, tó ní báwo ni mo ṣe wà, mo ní dáadáa ni, a dúpẹ́. Ohun tí wọ́n dì mú nìyẹn, tí wọ́n fi ní mi ò nílò olùrànlọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìkíni nìyẹn! Ta ló ń fi orúnkún dáhùn ìkíni? Má rẹ́rìn-ín. Mo ní má rẹ́rìn-ín, lọ́yà ń wò wá.

Bí wọ́n bá tún fi bẹ́nífíìtì yìí, owó ìrànwọ́ ìjọba, dù mí, kò sí ohun tí a ó fi gba obìnrin tí yóò máa wá wẹ̀ mí láràárọ̀. Tẹniọlá ti ní òun máa fi yunifásítì sílẹ̀ kí òun máa ṣe é. Ọmọ tó ku díẹ̀ kó di nọ́ọ̀sì! Nítorí "le koko" tìrẹ? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Wùmí ní wọ́n ṣì máa pè wá padà wọlé sọ́dọ̀ adájọ́, pé wọ́n ṣì ní ìbéèrè. Sọ ti àlùwàlá. Sọ ti ọjọ́ tí mo há sínú ilé ìwẹ̀, tó jẹ́ ìborí rẹ lo fi fà mí jáde. Bẹ́ẹ̀ ni, sọ ọ́! Kí ojú máa tì mí. Bí o bá tún ní ara mi le, ẹ̀yìn rẹ lo máa fi pọ̀n mí dé mọ́sáláṣí.

Wọ́n ti ṣílẹ̀kùn. Tẹniọlá! Fi fóònù yẹn sílẹ̀. Wá, ki ọwọ́ bọ abíyá mi, gbé mi dìde bí o ṣe ń ṣe nílé. Rárá, má fi ara bò mí. Jẹ́ kí wọ́n rí i.