Ọmọ Tí Mo Fi Pamọ́ Nítorí Àna

Baba tó gbọ́ igbe mi, tó gbọ́ ti ọmọ mi ju tèmi lọ, o ṣé o! Ẹ bá mi sọ ọ́ kí gbogbo Mowe gbọ́: o ṣé o! Ẹ ṣeun. Ẹ jókòó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí dùrù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi ná, torí ẹ̀rí tèmi kì í ṣe èyí tí ẹ máa jó sí.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Bùkọ́lá tó ń ránṣọ. Ẹni tí mo rán aṣọ Kérésì fún pọ̀ níbí. Àmọ́ ẹni tó mọ Bùkọ́lá fúnra ẹ̀ nínú yín ò pọ̀, ẹ̀bi mi sì ni.

Bùkọ́lá ni àkọ́bí mi. Tíṣà ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Ibafo. Lẹ́yìn ikú bàbá ẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ òun lórí rédíò. Mo ní kó yé da ara ẹ̀ láàmú. Nígbà tó yá, kò wẹ̀ mọ́, kò sùn mọ́, ó ń bá ẹni tí a ò rí jà. Lọ́jọ́ kan, ó bọ́ sáàárín títì márosẹ̀, ó ń nawọ́ dá tírélà dúró, ó ní kí wọ́n dá bàbá òun sílẹ̀. Ọlọ́run ló ní kí dẹ́rẹ́bà tètè tẹ bíréèkì. O ṣé, Baba.

Nọ́ọ̀sì kan wà nínú ilé tí à ń gbé, Ìyá Ṣèyí. Ó pè mí sí kọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá Bùkọ́lá, àìsàn ni o, ó sì ní oògùn. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù ní Abẹ́òkúta lọ́la." Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo fi dá a lóhùn. Mo ní rárá, wọ́n á kọ orúkọ ẹ̀ sínú fáìlì.

Kí ló kàn mí kan fáìlì? Àbúrò ẹ̀, Tóyìn, ló ní àfẹ́sọ́nà, ìdílé ọkọ sì ti ń múra mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ẹ̀yin náà kúkú mọ bí a ṣe ń ṣe é. Kí wọ́n tó wá tọrọ ọmọ, wọ́n á kọ́kọ́ rán ẹnì kan kó wá fọgbọ́n wádìí bóyá wọ́n ń ya wèrè nínú ìdílé yẹn. Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ gbéyàwó, èmi gan-an ni wọ́n rán. Mo wádìí, mo gbọ́ nǹkan, a sì kọ ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Mo mọ ohun tí mò ń sá fún.

Bí mo ṣe gbé ọmọ mi lọ sí ilé àdúrà kan lápá Ifọ̀ nìyẹn, níbi tí wọn kì í ti í béèrè orúkọ ìdílé. Wòlíì ibẹ̀ ní kí n mú ẹní wá, kí n mú bọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wọ̀n àti àgádágodo. Èmi ni mo lọ rà á. Mo tún dúró, mò ń yan èyí tó nípọn. Wọ́n so ó mọ́ òpó lẹ́sẹ̀ kan, wọ́n ní kó gbààwẹ̀ ọjọ́ méje, torí pé ẹ̀mí tó wà lára ẹ̀ ló ń bá a jẹun. Mo gbà. Ta gan-an lorí ẹ̀ ò pé nínú èmi àti ọmọ mi?

Mo padà sílé, mo sọ fún gbogbo èèyàn pé Bùkọ́lá ti ríṣẹ́ sí Ìlọrin. Àwọn àbúrò ẹ̀ nìkan ló mọ ibi tó wà. Mo máa ń lọ wò ó ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Ó ń rù. Á ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé." Màá ní tí Ọlọ́run bá ti parí iṣẹ́ ẹ̀. Mo fi orúkọ Ọlọ́run parọ́ fún ọmọ mi.

Nígbà tó di oṣù kẹta tí Bùkọ́lá ti wà níbẹ̀, ẹni tí wọ́n rán wá wádìí dé. Àǹtí ọkọ ni, obìnrin tó lọ́yàyà. Wọ́n jókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n mu mínírà, wọ́n ní ọmọ mélòó ni mo bí. Mo ní méjì, Tóyìn àti Dàpọ̀ àbúrò ẹ̀, èmi tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Bùkọ́lá. Tóyìn wà níbẹ̀. Ilẹ̀ ló ń wò.

Bí àlejò ṣe lọ tán, Tóyìn wọlé tọ Ìyá Ṣèyí lọ, ó tú àṣírí mi. Lọ́jọ́ kejì, àwọn méjèèjì gba Ifọ̀ lọ láìsọ fún mi. Ibẹ̀ ni Ìyá Ṣèyí ti pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Ẹsẹ̀ ọmọ yín ti ń jẹrà. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ wá, àbí kí n pe ọlọ́pàá?" Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà lóòótọ́. Wòlíì ló ní kó máa wà lọ́wọ́ ìyá, kí àánú má baà ṣe ẹlòmíì kó lọ tú u.

Mo gun ọ̀kadà, mò ń sunkún. Ẹ̀wọ̀n yẹn ti jẹ wọnú ẹran lọ́rùn ẹsẹ̀ ẹ̀. Mo ṣí i, Bùkọ́lá ò wò mí lójú. Wòlíì ń pariwo pé tí a bá gbé e lọ, ohun tó bá ṣẹlẹ̀ kò sí lọ́rùn òun. Ìyá Ṣèyí ti ń gbé Bùkọ́lá dìde.

Ọjọ́ yẹn náà la dé ọsibítù ní Abẹ́òkúta. Dókítà tó gbà wá kò lè ju Bùkọ́lá lọ lọ́jọ́ orí. Ó ní ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Mo sọ fún un. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó wá ní, "Ká ní ẹ tètè gbé e wá ni, mà, kò bá má le tó báyìí. Ó ní ìtọ́jú, àmọ́ ó lè pẹ́." Wọ́n fún un lóògùn, wọ́n tọ́jú ẹsẹ̀ ẹ̀. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, Bùkọ́lá ní kí wọ́n bá òun wá kóòmù kí òun fi ya irun òun. Ẹ yin Ọlọ́run! Kóòmù lásán, mo sì bú sẹ́kún láàárín wọ́ọ̀dù.

Tóyìn fúnra ẹ̀ ló lọ sọ gbogbo ẹ̀ fún àfẹ́sọ́nà ẹ̀. Ìdílé ọkọ ò wá mọ́. Wọ́n ní kì í ṣe nítorí àìsàn, nítorí irọ́ tí mo pa ni. Bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ, mi ò mọ̀. Ohun tí mo tìtorí ẹ̀ so ọmọ mọ́lẹ̀, ó tún bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́.

Àwọn kan nínú yín ti wá bá mi pé kí n má sọ gbogbo èyí níbí, kí n kàn ní Ọlọ́run wo ọmọ mi sàn. Òun ló wò ó sàn, ọwọ́ dókítà ló sì gbà ṣe é. Bùkọ́lá ń gba abẹ́rẹ́ lóṣooṣù, ó ti padà síbi iṣẹ́. Ó ṣì ń tiro díẹ̀. Òun náà gbà kí n wá jẹ́rìí, àmọ́ ó ní mi ò gbọ́dọ̀ sọ pé èṣù ló so òun mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ẹ sọ ẹni tó so mí, Mọ́mì." Mo ti sọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ẹ̀ nílé, mo mọ̀ pé ẹ wà níbí, mo rí bí ẹ ṣe dorí kodò. Ẹ gbé e jáde. Ẹ gbàdúrà, mi ò ní kí ẹ má gbàdúrà o, àmọ́ ẹ máa gbà á lójú ọ̀nà ọsibítù. Àna tó bá fẹ́ lọ, ẹ jẹ́ kó lọ.

Bùkọ́lá ò bá mi wá lónìí. Yàrá Ìyá Ṣèyí ló ń sùn báyìí. Tí mo bá bá a sọ̀rọ̀, á dáhùn, kò ní kọjá bẹ́ẹ̀. Ó ń bínú sí mi, kò sì tíì dárí jì mí. Ẹ má bá mi bẹ̀ ẹ́ o. Ẹ bá mi dúpẹ́ ni. Ọmọ mi wà láàyè, orí ẹ̀ pé, ó sì mọ ẹni tó ṣẹ òun.