Yunifásítì Olówó Pọ́ọ́kú Tí Bàbá Mi Lọ Yẹ̀ Wò

Nígbà tí èmi náà wà lọ́mọge bíi tìrẹ yìí, Ṣadé, bàbá mi ò gbà pé ohun tí owó rẹ̀ kéré lè dára. Ẹ jókòó dáadáa. Káyọ̀dé, ọmọ mi, gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ ní ẹ fẹ́ ta ṣọ́ọ̀bù tí bàbá mi fi sílẹ̀ ní Pedro, kí Ṣadé ọmọ rẹ lè lọ sí yunifásítì aládàáni, torí pé ti ìjọba tó mú un, tí èmi náà lọ, kò wù yín. Ẹ ní kí n fọwọ́ sí i. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe rí fún èmi…

Télọ̀ ni bàbá mi, Káyọ̀dé mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹni tí kì í fi nǹkan falẹ̀. Bí o bá mú aṣọ wá bá a, á kọ́kọ́ nà án sínú oòrùn, á fà á síbí, á fà á sọ́hùn-ún, kó tó fi àlùmọ́gàjí kàn án. Á ní, "Aṣọ olówó pọ́ọ́kú, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó parí." Ó ti ń dá àjọ de yunifásítì mi láti ìgbà tí mo ti wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. Ó múra ogun. Nígbà tí mo wá sọ iye tí wọ́n ní ká san fún un, ó gbé aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, "Owó fọ́ọ̀mù nìyẹn. Owó ilé ìwé gan-an ńkọ́?"

Mo ní, "Bàbá, òun náà nìyẹn. Ìjọba ló ń san ìyókù."

Ẹ gbọ́, inú rẹ̀ ò dùn. Ẹni tó yẹ kó máa jó. Ó ní bí owó bá ṣe mọ ni oògùn ń mọ. Ó ní àfàìmọ̀ kí wọ́n má ti lù mí ní jìbìtì, tàbí kó jẹ́ pé mo ń fi iye tòótọ́ pa mọ́ torí àánú rẹ̀ ń ṣe mí. Ni bàbá mi bá ti ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ní òun ń bá mi lọ wo ọjà tí òun rà.

Ojú tì mí o. Mo ń rìn níwájú bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. A dé gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń kọ́ wa, ó ti kún. Àwọn kan jókòó sórí fèrèsé, àwọn kan dúró síta, wọ́n ń na ọrùn. A rí àyè bíńtín lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dúpẹ́, ọ̀rẹ́ mi. Olùkọ́ ń sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún, ẹnu rẹ̀ la kàn ń rí. Bàbá mi fi ọwọ́ sẹ́yìn etí, kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tó yá, ó tẹ̀ sí mi lára, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé ọkùnrin yìí mọ orúkọ rẹ?" Mo ní rárá. Ó ní, "Ta ló wá mọ̀ ọ́ níbí?"

Ṣadé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó wà níbẹ̀ ní bó ṣe rí náà nìyẹn lónìí, àbí? Wọ́n ní èrò tún ti pọ̀ sí i, owó náà ti gòkè, iná ò sí, ìyanṣẹ́lódì á sì tún já lu ẹ̀kọ́. N ò ní bá yín jiyàn. Nígbà tiwa, tí o bá parí, iṣẹ́ á máa wá ọ kiri. Ẹ̀yin lẹ wá ń wá iṣẹ́ kiri báyìí… ayé ti yí.

Lọ́jọ́ tí bàbá mi bá mi lọ yẹn, bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Fádèyí ló la ẹnu. Ó ní, "Ó tó gẹ́ẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ títẹ̀wé kan wà ní Ṣómólú. Wọ́n ń de táì, owó wọn wọ́n bí ojú, ọ̀gá wọn sì mọ gbogbo ọmọ níkọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ lò ń lọ." Mo sunkún. N ò ní nǹkan kan lòdì sí títẹ̀wé o, ṣùgbọ́n kẹ́mísítìrì ni ọkàn mi fẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́, mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní, "Ó dáa. Tí sáà yìí bá fi parí tí olùkọ́ kankan níbẹ̀ kò fi mọ̀ ọ́ lórúkọ, o ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn."

Ìdí tí mo fi lọ kan ilẹ̀kùn olùkọ́ náà nìyẹn. Ẹ má pè mí ní akin. Ẹ̀rù títẹ̀wé ló lé mi débẹ̀.

Mo ní kí Dúpẹ́ jẹ́ ká jọ lọ. Ọmọ Ìlàjẹ ni Dúpẹ́, etí omi ní Bàrígà níbí ni àwọn òbí rẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ ẹja. Orí rẹ̀ pé ju tèmi lọ, ká má purọ́. Ṣùgbọ́n tó bá la ẹnu, àwọn ọmọ Èkó á máa fi bó ṣe ń sọ̀rọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, ó wá kúkú panu mọ́. Ó bá mi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fara ti ògiri. Ó ní, "Máa wọlé, màá dúró dè ọ́."

Mo wọlé. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò gbọ́ ohun tí ẹ kọ́ wa. Ẹ̀yìn ni mo wà."

Olùkọ́ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìwọ nìkan lo wà lẹ́yìn ni?" Ó ní kí n fa àga. Ohun tí ọkùnrin yẹn là yé mi lọ́jọ́ náà, òun ni mo fi ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Kò gba kọ́bọ̀. Ó ní kí n máa wá, mo sì ń lọ. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ mo dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì, mo mọ ilé ìkàwé, mo mọ ẹni tó ń ṣí yàrá tí wọ́n ti ń po kẹ́míkà. Gbogbo nǹkan wà níbẹ̀. Kò kàn sí ẹni tó máa fà ọ́ lọ́wọ́ débẹ̀ ni.

Nígbà tí sáà parí, bàbá mi tún tẹ̀ lé mi. A pàdé olùkọ́ náà lójú ọ̀nà. Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé bàbá nìyí? Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Ọmọ yín ò jẹ́ kí n sinmi." Bàbá mi ṣí fìlà. A délé. Ó wá ní, "Aṣọ náà dáa. Owó tí wọ́n dá lé e ló tàn mí."

Ká ní ibẹ̀ lọ̀rọ̀ parí sí ni, ǹ bá ní kí Ṣadé máa lọ sí ti ìjọba, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Dúpẹ́ ńkọ́?

Nígbà tí a wọ ọdún kejì, wọ́n lẹ orúkọ wa mọ́ ògiri, ti Dúpẹ́ ò sí níbẹ̀. Ó yege o. Ẹni tó kọ ọ́ ló fò ó. Kò gbà ju kó lọ sí ọ́fíìsì, kó ní, "Orúkọ mi dà?" Mo ní ká jọ lọ, ó ní òun á lọ tó bá di ọ̀la. Ọ̀la di ọ̀túnla. Bí n ò ṣe rí i mọ́ ní kíláàsì nìyẹn.

Mo wá a lọ sétí omi. Mo bá òun àti ìyá rẹ̀ nídìí ààrò, wọ́n ń yan ẹja. Mo ní, "Dúpẹ́, kí ló dé?" Kò sunkún. Ó ń yí ẹja padà. Ó ní, "Mo ní kí n wò ó bóyá wọ́n á bèèrè mi."

Wọn ò bèèrè. Iṣẹ́ ẹja ò burú, ó rí jẹ nídìí ẹ̀, ó fi tọ́mọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó fẹ́ nìyẹn. Ó dùn mí nígbà náà, ó ṣì ń dùn mí. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Mo ti rò ó sókè sódò. Ní ilé ìwé ìjọba, ohun tí o kò fi owó san, ẹnu lo máa fi san án, ẹsẹ̀ lo máa fi san án. Ẹni tó bá lè san án báyẹn, kò sí ọjà tó dà bíi rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè san án, ó wọ́n fún un ju ti aládàáni lọ.

Ṣadé, mo mọ̀ ọ́. Lọ́jọ́ tí onídìrí da omi gbígbóná sí ọ lọ́rùn, o jókòó síbẹ̀, o tún ní ẹ ṣé mà. Èmi ni mo rí ọgbẹ́ náà nígbà tí o délé. N ò fi ṣe ọ́ ní yẹ̀yẹ́, mò ń bèèrè ni. Bàbá rẹ ní ẹ fẹ́ ti aládàáni torí orúkọ ilé ìwé, ìwọ ní torí éésì tó ń mú kíláàsì wọn tutù. Ìyẹn kọ́ ni mò ń bèèrè. Tí o bá débẹ̀ tí wọ́n gbàgbé rẹ, ṣé o máa lè wọ ọ́fíìsì lọ, kí o ní, "Èmi rèé"? Tí o bá lè ṣe é, lọ sí ti ìjọba, o ò ní kábàámọ̀. Tí o bá mọ̀ pé o ò ní lè ṣe é, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Kí wọ́n gbé ìwé ṣọ́ọ̀bù wá, màá fọwọ́ sí i lónìí. Ṣọ́ọ̀bù ò tó ọmọ.

Rárá, Káyọ̀dé. Má bá a dáhùn. Òun ni mo bi léèrè.

Ṣadé… mò ń gbọ́.