Ìjẹṣu Ìgèdè àti Ìdánwò Àwọn Agbẹ̀bí

Ògo fún Ọlọ́run tí kì í pẹ́ jù! Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ bá mi gbé ohùn sókè, ẹ yìn ín! Ẹ jọ̀wọ́, ẹ forí jì mí fún bí ìwé yìí ṣe rí. Ìwé mi kò jìnnà, ìwé kíkọ kò sì tíì mọ́ mi lára. Ojú ló ń tì mí láti dìde sọ̀rọ̀ láàrin ìjọ, ni mo ṣe kọ ọ́ kí ẹ lè bá mi kà á.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fẹ́ kọ́ṣẹ́ agbẹ̀bí ní ilé ìwòsàn ìjọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa wọlé gbọ́dọ̀ yege nínú ìdánwò: ìwé kíkà, àpèkọ àti ìṣirò. Bàbá mi wí fún mi pé, "Ìbídùn, ẹ̀ẹ̀kan ni mo gbà fún ọ. Bí o kò bá wọlé, oko ni wàá máa bá mi lọ, ọ̀rọ̀ ìwé parí nìyẹn."

Mo ní, "Ẹ ṣé, bàbá mi." 

Ọmọ ìlú Ìgèdè ni Tíṣà tó ń kọ́ wa níwèé. Nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, wọ́n sọ fún mi pé, "Gbàrà tí a bá jẹ iṣu tuntun tán ni ìdánwò. Tètè bẹ̀rẹ̀ o." Mo rò ó wò: ìjẹṣu Adó, ìlú wa, ṣì jìnnà, oko sì wà láti ro. Mo ní kí a ro oko tán ná, n óò wá jókòó ti ìwé.

Ó di ọjọ́ ọjà kan, mo tẹ̀lé ìyá àgbà mi lọ ra iyọ̀. Obìnrin Ìgèdè kan pàtẹ iṣu tí erùpẹ̀ ara rẹ̀ ṣì tutù. Ó ń kígbe pé, "Uṣu titun rèé o! Ẹ̀yin ará Adó, ẹ̀ṣẹ̀ wo lẹ ṣẹ̀ tí ẹ ṣì ń jẹ uṣu èṣí?"

Ìyá àgbà mi dá a lóhùn pé, "Ọ̀kánjúwà ló ń dààmú yín ní Ìgèdè! Ẹ jẹ́ kí uṣu gbó ná!"

Gbogbo ọjà rẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ ìjẹṣu tirẹ̀, mo sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti kékeré. Ìgèdè ti jẹ tiwọn!

Mo sáré tọ Tíṣà lọ. "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ìjẹṣu ìlú wo lẹ wí?"

"Ti ìlú wa ni. Òmíràn tún wà ni?" Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí wọ́n wo ojú mi. "O ò tíì bẹ̀rẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Háà! Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni ìdánwò! Ohun tó yẹ ká ti máa kọ́ láti èṣí, ṣé ìwọ̀nba ọjọ́ yìí ló máa gbà á?"

Mo sunkún délé. Nígbà tí mo fẹ́ máa lọ oko, ìyá mi gba ọkọ́ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní, "Èmi ni n óò ro tìrẹ. Lọ jókòó. Ọlọ́run kì í sùn." Mo kà, mo kà, ìṣirò dàrú mọ́ mi lójú. "Jésù, ṣàánú mi." Kò sí àdúrà mìíràn lẹ́nu mi.

Ẹ yin Olúwa! Òjò ńlá rọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Lọ́jọ́ kejì Tíṣà wọlé wá, omi ń kán lára fìlà wọn. Wọ́n ní, "Wáyà dé láti ilé ìwòsàn. Omi ti gbé afárá lọ, Ìyá Òyìnbó tó máa ṣe ìdánwò fún yín kò lè kọjá. Wọ́n ti sún un síwájú."

Bàbá mi béèrè pé, "Di ìgbà wo?"

"Di ẹ̀yìn ìjẹṣu tiyín."

Ìyá àgbà mi pàtẹ́wọ́: "Ẹ̀n-ẹ́n! Ọlọ́run alára mọ̀ pé ti Adó ni ìjẹṣu!"

Olúwa, o ṣeun! Mi ò dúró de ọ̀la mọ́. Láràárọ̀ ni mo ń lọ ṣe àpèkọ lọ́dọ̀ Tíṣà. Bí mo bá ń gúnyán, ìsọdipúpọ̀ ni mo ń kà tẹ̀lé ìró ọmọ odó. Ọjọ́ pé, mo jókòó níwájú Ìyá Òyìnbó. Kò sí ohun tí wọ́n bi mí tí n kò rí rí.

Nígbà tí èsì dé, Tíṣà ti ẹnu ọ̀nà kígbe: "Ìbídùn wọlé!" Bàbá mi ní, "Ta ni yóò wá máa bá mi lọ oko báyìí?" Ẹ̀rín sì bọ́ lẹ́nu wọn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run! Ọpẹ́ ni!

Ẹ̀yin ọmọbìnrin tí ẹ ní irú ìdánwò yìí lọ́kàn, ẹ má dúró de iṣu ìlú kankan. Ọjọ́ tó bá ti wọ̀ yín lọ́kàn ni kí ẹ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sì ti pẹ́ fún, kó má sọ̀rètí nù. Ẹni tó ṣe tèmi kò kú, kò sì rẹ̀ ẹ́.

Ẹ̀kọ́ wa kò ní bẹ̀rẹ̀ títí di ẹ̀yìn Kérésìmesì. Ìyá mi ní kí n sinmi ná. Àárọ̀ ọjọ́ kejì tí èsì dé, mo pọnmi, mo gbálẹ̀. Mo lọ yá ìwé nípa egungun ara ènìyàn lọ́wọ́ Tíṣà, mo gbé àpótí sẹ́yìn ilé, mo sì bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìn-ín-ní. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé.