Ó Mọ̀ Ọ́n Kọ́, Kó Má Kọ́ Mọ́

Láàárín àwọn ọdún 1990, nínú takisí tó ń ti Ìlá lọ sí Ọ̀tan, èmi, ìyá kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ obì lẹ́sẹ̀ àti ọkùnrin òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba kan tó so táì la jọ há sẹ́yìn ọkọ̀.

"Mà, ẹ kú oríire o," ni ọkùnrin náà wí nígbà tí ìyá náà dárúkọ abúlé rẹ̀. "Tíṣà ìṣirò abúlé yín gba àmì ẹ̀yẹ. Kọmíṣọ́nnà fúnra rẹ̀ ló bọ̀ ọ́ lọ́wọ́."

"A dúpẹ́. Òrùlé iléèwé wa ń jò, ẹ ò rí ìyẹn. Ẹyọ tíṣà kan tí ìṣirò rẹ̀ ń yé àwọn ọmọ lẹ rí, ẹ sì gbé e lọ."

"Ìgbéga ni, Mà. Ó ti di ọ̀gá lọ́fíìsì."

"Ta ló ń kọ́ níbẹ̀?"

"Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, Mà. Iṣẹ́ fáìlì ni."

"Ó mà dáa o! Ó mọ̀ ọ́n kọ́, kó má kọ́ mọ́. Bí ajá mi bá mọ ọdẹ ṣe, màá so ó mọ́lẹ̀ kí n fi yẹ́ ẹ sí."

"Wọ́n á rán ẹlòmíràn wá, Mà."

"Fọ́tò tíṣà wa ni wọ́n rán wá. Ògiri kíláàsì ni wọ́n gbé e kọ́ sí. Ẹni tó ń kọ́ ọmọ wa, òun ni wọ́n wá kọ́."

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ìyá náà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Oṣù tó ń bọ̀ lọmọ mi máa ṣe ìdánwò àṣejáde. Ó ń bi mí pé kí ló dé tí tíṣà àwọn fi lọ. Kí ni kí n sọ fún un? Pé ó dáa jù?"