Ohun Tí Hameed Fi Pamọ́ Sínú Ilẹ̀kùn Mọ́tò

"Ẹ̀yin àgbà, kí ẹ tó ní kí wọ́n lọ kó ẹrù Ọláfúnkẹ́ kúrò nílé ọkọ, ọ̀rọ̀ kan wà lọ́fun mi tó gbọ́dọ̀ jáde lónìí. Bí mo bá tún gbé e mì, yóò pa mí." Hameed ló sọ bẹ́ẹ̀, Abdulhameed tí gbogbo Òkè-Baálẹ̀ ní Òṣogbo mọ̀ sí Hameed Rìwáyà, ẹni tí ń tún iná mọ́tò àti gíláàsì ilẹ̀kùn ṣe. Ṣe ni wọ́n ránṣẹ́ pè é wá sí Iléṣà, sí pálọ̀ Bàbá Ògúnlẹ́yẹ, bàbá Ọláfúnkẹ́, kí ó wá tún ẹ̀rí kan ṣoṣo jẹ́ lójú ẹbí: pé ilẹ̀kùn mọ́tò Adétọ́lá, ọkọ Ọláfúnkẹ́, kò ní àléébù kankan. Bí ó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ó parí nìyẹn. Adétọ́lá di ẹni tó ti ìyàwó rẹ̀ mọ́ inú èéfín, ìgbéyàwó sì tú ká. Bàbá Ògúnlẹ́yẹ tilẹ̀ ti na ọwọ́ sí Bíbélì, ló bá tún fà á sẹ́yìn. Ó ní, "Mùsùlùmí ni ọ́, ọmọ mi, a ò ní fi ọ́ búra. Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ tó wa." Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún Hameed lọ́kàn. Ká ní wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn ni, ì bá tún irọ́ náà pa.

Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Àléébù wà ńbẹ̀, Bàbá. Èmi ni mo fi síbẹ̀." Akíndélé, ẹ̀gbọ́n Ọláfúnkẹ́, fò dìde. "Kí lò ń wí?" Bàbá ní kó jókòó, kó jẹ́ kí ọkùnrin náà sọ ti ẹnu ẹ̀ tán.

Hameed bá rò ó. Gíláàsì ilẹ̀kùn ẹni tó ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀ ni kò gòkè mọ́, tí Adétọ́lá fi gbé mọ́tò wá. Èèyàn ò sì lè dé ìdí gíláàsì láìyọ pátákó tó bo inú ilẹ̀kùn. Ike kéékèèké tí wọ́n ń pè ní kílíìpù ló di pátákó náà mú, oòrùn sì ti sá a gbẹ, ó ti gbó. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ tú sukúrù tó pamọ́ sábẹ́ ìdìmú, á wá fi nǹkan pẹlẹbẹ wá ìdí kílíìpù kọ̀ọ̀kan, á rọra gbé e láti ìsàlẹ̀. Hameed mọ̀ ọ́n, ìgbájú ni ọ̀gá rẹ̀ fi kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Jímọ̀ ni, wọ́n ti pe ìrun, ó sì fẹ́ bá ìwàásù. Ó ki súkúdíráfà bọ ibẹ̀, ó fà á tagbáratagbára. Kílíìpù ń dún páú, páú, páú. "Mo ń sáré lọ kírun fún Ọlọ́run, mo ń ba nǹkan ọlọ́nǹkan jẹ́. Ẹ wo irú ìjọsìn yẹn!"

Kílíìpù pàápàá, kí ló tó? Bó bá ní, "Sà, ó kán mọ́ mi lọ́wọ́," Adétọ́lá ì bá kàn rẹ́rìn-ín ni. Ìtìjú ò jẹ́. Ó wá sukúrù gígùn, ó fi kan pátákó náà mọ́ irin ilẹ̀kùn, ó fi téèpù dúdú bo orí rẹ̀. "Bí ọ̀kan ṣe ń wọlé, mo gbọ́ ọ tó ń ha wáyà tí ń ṣílẹ̀kùn láti inú. Mo fa ìdìmú, ó ṣí, ṣùgbọ́n ó le. Mo ní á rọ̀ tó bá yá. Ìwọ Hameed, ta ló sọ fún ọ pé irin máa ń rọ̀?"

Ohun tó tẹ̀ lé e, kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú pálọ̀ náà. Tọkọtaya ń bọ̀ wá sí Iléṣà, wọ́n ti bára wọn jà láàárọ̀, èéfín bá bẹ̀rẹ̀ sí í rú níwájú mọ́tò. Adétọ́lá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó sáré lọ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Èéfín wọ inú mọ́tò. Ọláfúnkẹ́ fa ìdìmú, ilẹ̀kùn ò ṣí. Gíláàsì ò lè wálẹ̀, nítorí kọ́kọ́rọ́ ti kúrò nídìí ẹ̀. Oyún rẹ̀ ti tóbi, kò lè ré kọjá sórí àga ọkọ. Ó fi ara gbá ilẹ̀kùn, ó fi ikùn gbá a, ó ń ké. Nígbà tí ọkọ fi gbọ́, tó sáré wá fọwọ́ kan ilẹ̀kùn lóde, wéré ló ṣí. Wéré! Ilẹ̀kùn tó kọ̀ fún ìyàwó ṣí fún ọkọ, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Oyún tí wọ́n ti ń wá láti ọjọ́ pípẹ́ bọ́ ní ọsibítù. "O tì mí mọ́nú ẹ̀ ni," Ọláfúnkẹ́ wí, kò sì sẹ́ni tó lè yí i lọ́kàn padà.

Hameed tún ní, "Bàbá, ibi tó burú jù ló kù. Ọ̀gá Adétọ́lá àti Bùrọ̀dá Akíndélé gbé mọ́tò náà wá bá mi. Ọ̀gá ní, 'Hameed, jọ̀ọ́, bá mi wò ó bóyá ilẹ̀kùn yìí ló há. Ayé mi ń bàjẹ́.' Mo ní kí wọ́n lọ jókòó níbòji. Mo yọ pátákó náà, mo rí ẹnu sukúrù tó ti há mọ́ wáyà. Orí mi wú. Mo tú gbogbo ẹ̀, mo sọ ọ́ sápò, mo fi kílíìpù tuntun sí i. Kílíìpù tuntun tó ti wà nínú agolo nísọ̀ mi látìbẹ̀rẹ̀, yéè! Mo pè wọ́n. Mo ní, 'Sà, kò sóhun tó ṣe ilẹ̀kùn yìí o, àfi bí awakọ̀ bá tì í.' Bùrọ̀dá tutọ́ sílẹ̀. Ọ̀gá wo ojú mi, ó fi ìbúra tiwa bi mí, ó ní, 'Wallahi, Hameed?' Mo ní, 'Wallahi, sà.' Astagfirullah. Kí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ gbọ́ o: bí nǹkan bá kán mọ́ wọn lọ́wọ́, kí wọ́n sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

Ọláfúnkẹ́ bọ́ sílẹ̀ lórí àga, ó fi eékún wọ́ lọ bá ọkọ rẹ̀, ó dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó ń sunkún, ó ń ní, "Mo purọ́ mọ́ ọ, mo purọ́ mọ́ ọ." Adétọ́lá ò tì í, kò sì fà á mọ́ra. Hameed ló tẹjú mọ́.

"Èmi fúnra mi ti gbà pé èmi ni," Adétọ́lá wí. "Nígbà tó jẹ́ pé ìwọ tó o mọ mọ́tò lo wí bẹ́ẹ̀, mo ní ó ní láti jẹ́ pé inú tó ń bí mi ni mo fi tẹ lọ́ọ̀kì tí n ò mọ̀. Mo ti lọ kúnlẹ̀ níbi tí wọ́n sin ọmọ náà sí, mo ti ní kó má bínú sí mi."

"Ọ̀gá, ẹ foríjì mí."

"Ẹ̀yìn ilé bàbá mi ni ibojì náà wà, nísàlẹ̀ àdúgbò yìí. Ọmọ náà ni kó o lọ bẹ̀."

Hameed dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.