Fi Ọwọ́ Tú u Kí O Tó Dáná Sí i

"Tú u kí o tó dáná sí i o, Bàbá Dáyọ̀. Fi ọwọ́ tú u."

Ohun tí ìyá yín àgbà bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ìbùkún, ṣé fóònù rẹ ti ń gbọ́ mi? Ó dáa. Ẹ̀yin ọmọ Dáyọ̀, ẹ má pa ẹ̀rín mọ́ra nítorí mi. Ẹ rín in. Èmi náà ń rín in.

Òkìtì ewé tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná ni ó ń sọ. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tí kò lè dìde. Mo wọlé, mo ní mo fẹ́ lọ sun pàǹtí ẹ̀yìnkùlé. Ó lajú. Ó sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ó kọjú sí ògiri, ó sùn. Kò jí mọ́.

Nígbà tí àlùfáà wá béèrè ohun tí ó sọ kẹ́yìn, kí ni mo fẹ́ wí? Mo ní ó gbàdúrà fún gbogbo ọmọ. Àlùfáà kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ètò ìsìnkú, lábẹ́ fọ́tò rẹ̀, pé àdúrà ni ó wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ó ń lọ. Mò ń ka ìyẹn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀rín pa mí. Mo fi áńkáṣíìfù bo ojú. Èjìká mi ń gbọ̀n. Àwọn èèyàn ń sọ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá, ẹ mọ́kàn le." Ẹ̀rín ni mò ń rín, ẹ gbọ́! Wọ́n ń gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́, mò ń rẹ́rìn-ín...

Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ilé ìwé girama, èmi náà ò mọ̀ pé òkìtì ewé jẹ́ nǹkan kan. Ní Ìjerò níbí, bí a ṣe ń sun oko rèé. A ó ṣán igbó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. A ó jẹ́ kí ó gbẹ. A ó kó o jọ lókìtì lókìtì. Kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, a ó dáná sí i. Ṣùgbọ́n kí a tó ṣá ìṣáná, a ó fi igi lu òkìtì náà. A ó pariwo. "Hóò! Hóò!" Òkété á sá jáde, ajá á gbá tẹ̀ lé e. Ọ̀yà á sá jáde. Ọbẹ̀ dé nìyẹn! Ta ni kò fẹ́ràn ọjọ́ tí a bá ń sun oko?

Ọdún tí mo gbé ìyá yín àgbà níyàwó wá láti Òkè-Ìmẹ̀sí, a jọ lọ sun oko. Tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí ni ó rí nígbà náà, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Láyí wà níbẹ̀, ọ̀rẹ́ mi tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà. Ó ti di olóògbé báyìí. Mo ti gbé igi sókè. Mo ti la ẹnu. Ìyá yín ní:

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń lé ẹran jáde."

"Èyí tí kì í sá ńkọ́?"

Láyí ní, "Ìyàwó wa, ẹran wo ni kì í sá fún iná?"

Ó kúnlẹ̀, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ inú òkìtì. Ó ń kó ewé sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀. Ó wá fi etí ìró rẹ̀ gbé nǹkan kan jáde. Rógódó. Ó tó ọsàn. Ẹ̀gún bò ó.

Láyí ní, "Èso igi wo nìyẹn?"

Ìyá yín ní, "Ó ń mí."

Ẹ gbọ́, kì í ṣe òòrẹ̀ o. Òòrẹ̀ tóbi, iṣu ni ó ń bá àgbẹ̀ jẹ, ẹ̀gún rẹ̀ sì gùn. Èyí kéré. Ẹ̀gún rẹ̀ kúrú bí irun búrọ́ọ̀ṣì. Ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó, ikùn rẹ̀ funfun. Kòkòrò ni ó ń jẹ. Ẹlẹ́gùn-ún ni bàbá ìyá yín ń pè é, òun náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ó ṣàlàyé fún wa. Ó ní bí ẹ bá pariwo, ẹran yòókù á sá. Èyí á ká. Á ká ara rẹ̀ rógódó, kò sì ní kúrò níbi tó wà. Bí ariwo bá ṣe ń pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni á ṣe máa ká sí i. Ẹ̀yin á rò pé òkìtì ti ṣófo. Ẹ ó wá ṣá ìṣáná.

"Ulé rẹ̀ rèé," ó ní. "Ó ń sùn jẹ́jẹ́ rẹ̀, ẹ̀yin wá ń lu ògiri mọ́ ọn lórí."

Láyí wò mí. Ó ní, "Ọ̀rẹ́, agbẹjọ́rò lo fẹ́."

Láti ọjọ́ náà, ayé mi bàjẹ́! Àwọn ẹlòmíràn á sun oko tán kí oòrùn tó kan àtàrí. Èmi àti ìyá yín á ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Láyí á gba ẹ̀bá oko kọjá, á dúró. "Ẹ kú ìwákiri o! Ṣé wúrà ọ̀hún kò tíì jáde?" Ó ń pè mí ní Ọkọ Ẹlẹ́gùn-ún. Gbogbo ìlú bá a pè mí bẹ́ẹ̀. Mo wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú kan, àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ mi sún fún mi ní bẹ́ǹṣì. Wọ́n ní kí ẹ̀gún mi má gún wọn.

Ẹlẹ́gùn-ún kan wà tí iná oko ẹlòmíràn jó lẹ́sẹ̀. Ìyá yín gbé e wálé. Ó fi agbọ̀n ṣe ilé fún un lẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Ó ń wá ikán fún un, ó ń wá ìdin fún un. Èmi, tí mo kàwé, mo ní kí n ràn án lọ́wọ́. Mo ti kọ́ ọ nílé ìwé pé gbogbo ẹran onírun ni ó ń mu wàrà ìyá rẹ̀. Mo ra mílíìkì alágolo. Mo pò ó pẹ̀lú omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo gbé e fún un. Ó lá gbogbo rẹ̀! Inú mi dùn. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti ń ṣu gbuuru. Ara agbọ̀n, ara ògiri, ara bàtà ìyá yín.

Ó ní, "Kí lo fún un?"

"Wàrà ni. Ó wà nínú ìwé."

"Ìwé rẹ sọ pé màlúù ni ìyá rẹ̀?"

Omi lásán ni ó ń gbé fún un láti ìgbà náà, nínú ìdérí ìkòkò. Ẹ rí i pé ẹ rántí ìyẹn. Omi lásán.

Ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń san, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri ilé. Ó wá rí bàtà tí mo ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pọ́líìṣì kùn ún. Ó gbóòórùn rẹ̀. Ó lá a. Ó ń jẹ awọ rẹ̀ lẹ́nu. Nígbà tó ṣe, ìfófòó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó lọ́ ọrùn sẹ́yìn, ahọ́n gùn jáde, ó ń fi ìfófòó yẹn ra gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀. Mo ké. "Ó ti ya dìgbòlugi!" Mo gun orí tábìlì. Láyí gbọ́ igbe mi, ó já wọlé pẹ̀lú àdá. Ó rí i. Òun náà gun orí tábìlì, òun àti àdá rẹ̀. Tábìlì onígi kékeré, àgbà ọkùnrin méjì!

Ìyá yín dé láti odò. Ó wo ilẹ̀, ó wo wa lókè. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbi tó wà. Ẹ̀rín kò jẹ́ kí ó lè sọ̀rọ̀.

"Ó ń para ni," ó ní nígbà tí ó lè mí. "Bí òórùn tí kò mọ̀ rí bá wù ú, á fi para. Òórùn bàtà rẹ ni ó wù ú, Bàbá Dáyọ̀. Ẹ̀mí kan ṣoṣo tí irú òórùn bẹ́ẹ̀ wù láyé nìyẹn."

Láyí ní òun ò ní sọ fún ẹnì kankan. Kí ó tó dé ilé rẹ̀, gbogbo àdúgbò ti gbọ́.

Ẹ̀rín wa kò tán nínú ilé náà... Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí, nítorí pé òun ni ìdí ọ̀rọ̀.

Ọdún kan, ìyá yín lọ tọ́jú ìyá rẹ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Òjò ti ń ṣú. Mo tú àwọn òkìtì mi tán, ó ku ẹyọ kan. Ẹ̀yìn ń ro mí. Mo mú igi, mo lu ẹyọ kan yẹn, mo ké "Hóò." Kò sí ohun tó jáde. Mo ṣá ìṣáná.

Nígbà tí ó dé, ó rìn yí oko ká. Ó dúró níbi eérú náà. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó mú nǹkan kan tó ká rógódó, ó tún rọra gbé e sílẹ̀. Ó ní, "O lù ú, àbí?"

Mo ní, "Mo lù ú."

Ó fi ọkọ́ bo ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìgbà tí mo fi ọwọ́ kan ìṣáná tí kò sọ ọ́. "Tú u kí o tó dáná sí i o. Fi ọwọ́ tú u." Bí mo fẹ́ tan àtùpà lásán, á sọ ọ́, á máa rẹ́rìn-ín. Ó lé ní ogójì ọdún tó fi sọ ọ́. Ṣé ẹ wá rí i? Kì í ṣe pé ó to ọ̀rọ̀ ìdágbére jọ. Ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ ni. Òun ni ó ṣèèṣì bọ́ sí ìkẹyìn.

Lónìí ńkọ́? Ta ni ń kó òkìtì mọ́? Oògùn apakoríko ni. Wọ́n á fọ́n ọn, koríko á kú, kòkòrò á kú. Ẹlẹ́gùn-ún á jẹ kòkòrò, òun náà á kú. Ọ̀kadà sì tún dé. Ẹlẹ́gùn-ún á gbọ́ ariwo ọ̀kadà, á ká sí àárín títì. Táyà mọ ìyẹn? Ìyá yín máa ń bọ́ sí títì, á na ọwọ́ méjèèjì. "Dúró! Èèyàn ń kọjá!" Ọlọ́kadà á wo ọ̀tún, á wo òsì. "Màmá, èèyàn dà?" Á nàka sí i nílẹ̀. Àwọn kan bú u. Àwọn kan sọ̀kalẹ̀, wọ́n bá a fi ìró gbé e. Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí, fọ́tò ni ẹ ó kọ́kọ́ yà. Ẹ yà á. Lẹ́yìn náà kí ẹ gbé e kúrò lójú títì.

Ọjọ́ Sátidé tó kọjá, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Bàbá yín dé pẹ̀lú gálọ́ọ̀nù kẹrosíìnì. Ó ní òun fẹ́ bá mi sun òkìtì ẹ̀yìn ilé ìdáná, kí ejò má baà fi ṣe ilé. Ó mú igi. Ó lù ú lẹ́ẹ̀kan péré. Mi ò mọ bí mo ṣe dé ibẹ̀. Mo gbé àga mi síwájú òkìtì, mo jókòó lé e. Mo ní, "Dáyọ̀, sun èmi náà mọ́ ọn."

Ó bínú. Ẹ gbọ́ ọ. "Bàbá, ẹ ò jẹun dáadáa! Bàbá, ẹ ò gbé fóònù! Bàbá, ẹ palẹ̀ mọ́, ẹ máa bọ̀ ní Adó lọ́dọ̀ wa!" Bí ó ṣe ń pariwo, mò ń fa ẹsẹ̀ sókè sórí àga. Mo fi orí lé orúnkún. Ìwọ, Ìbùkún, ìwọ lo sọ ọ́. "Dádì, ẹ rọra sọ̀rọ̀. Bàbá ti ká."

Ọmọ burúkú! Ẹ̀rín ni ó tú mi sílẹ̀. Mo wá sọ òtítọ́ fún bàbá yín. Mo ní, "Ìyá rẹ kò gbàdúrà kankan. Òkìtì yìí ni ó sọ." Ó la ẹnu. Ó ní, "Bàbá! A ti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé!" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó rín in títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, bí ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́. Ó sì pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín mọ́.

Ìgbà tí ó dákẹ́, tí gbogbo wa dákẹ́, a wá gbọ́ ọ. Nínú ewé, nísàlẹ̀. Fúùn... fúùn. Bí àgbàlagbà tí imú rẹ̀ dí. Dáyọ̀ dé gálọ́ọ̀nù rẹ̀. Ó ní, "Onílé wà nílé." Ó ní kí n tú u nígbà tí mo bá ṣe tán.

Ewé kókò wà níbẹ̀, ewé máńgòrò, pòròpórò àgbàdo. Ìyá yín ni ó gbá gbogbo rẹ̀ jọ, kí ó tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, ọwọ́ rẹ̀ ni ó kó o síbẹ̀.

Ìbùkún, o ní kí n fi ìmọ̀ràn parí rẹ̀. Mi ò ní ìmọ̀ràn kankan. Gba èyí sílẹ̀.

Mi ò tíì lọ bá àlùfáà pé irọ́ ni mo pa. Mi ò tíì ká ìró ìyá yín tó wà lórí okùn. Mi ò tíì lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ ní Òkè-Ìmẹ̀sí. Mi ò tíì dá bàbá yín lóhùn nípa Adó. Mi ò tíì gbin iṣu, òjò sì ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mi ò tíì dáná sí òkìtì yẹn. Mi ò tíì tú u.